Bí Ẹni Tí Ó Ń Bọ̀ Lọ́wọ́ Bárakú Oògùn Olóró Ṣe Lè Rí Ìrànwọ́ àti Iṣẹ́ Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ń bi wá lemọ́lemọ́: "Ọmọ wa ti jáwọ́ nínú igbó àti tírámádólù, ara rẹ̀ sì ti ń balẹ̀. Ibo ni yóò ti rí owó tí yóò fi jẹun, ta ni yóò sì gbà á síṣẹ́?" Ìdáhùn rẹ̀ gùn, nítorí pé kò sí ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí èèyàn lè wọ̀ kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Ìrànwọ́ kéékèèké ni ó wà, ó sì fọ́n ká sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, ilé-ìwòsàn àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ìtọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ìwé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìrànwọ́, kí iṣẹ́ tó wá kàn. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ yóò ní owó lọ́wọ́ kí ó tó ní agbára láti sọ pé "rárá" fún ẹni tí ó ń ta oògùn.

Ẹni tí ó ń bọ̀ lọ́wọ́ bárakú ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí, mo máa sọ ọ́.

## Kí ẹ tó jáde nílé

Kò sí owó oṣù tí ìjọba Nàìjíríà ń san fún ẹni tí kò níṣẹ́. Àwọn ẹbí wa tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba máa ń sọ pé ìjọba ibẹ̀ ń ran aláìníṣẹ́ lọ́wọ́, títí kan ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú bárakú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin tiwọn ni, kò kàn wá níhìn-ín. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ wá ra fọ́ọ̀mù "owó àwọn tí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn", yálà ní Alágbàká tàbí lórí WhatsApp, gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀, ẹ má sì ṣe fi nọ́ńbà BVN yín ránṣẹ́ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018, wọ́n rí i pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ni wọ́n ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tiwa sì rèé, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò ó. Kò sí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ yìí kò sí, láti Ìsinkàn dé Òkè-Àró. Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sídìí tábìlì tí ẹ ń lọ bá ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Òfin ìlera ọpọlọ ti orílẹ̀-èdè, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò fàyè gba kí wọ́n máa fi àìsàn ọpọlọ ya èèyàn sọ́tọ̀. Èyí kò wá sọ pé òfin ti fọwọ́ sí oògùn olóró o. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ ṣì lè ṣẹ̀wọ̀n. Tí ẹ bá ń lọ wá ìtọ́jú tàbí iṣẹ́, ẹ yẹ àpò àti báàgì yín wò kí ẹ tó jáde, kódà kí ó jẹ́ ìdajì wóró oògùn tàbí bébà ìwégbó lásán ni ó kù níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gba ìtọ́jú tí ó ní àkọsílẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá jáwọ́ nílé, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan kò ní ohun tí yóò fi han ọ̀gá iṣẹ́, bí àárẹ̀ bá sì tún gbé e ṣubú, kò sí dókítà tí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé dúró.

1. Ẹ pe NDLEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbógun ti oògùn olóró, lórí nọ́ńbà ọ̀fẹ́ wọn, 0800 1020 3040. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Ìmọ̀ràn ni iṣẹ́ àwọn tí ó ń dáhùn níbẹ̀, wọn kì í ṣe àwọn tí ó ń mú èèyàn. Wọ́n máa béèrè irú oògùn tí ẹ ń lò, bí ó ti pẹ́ tó, ìgbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn àti bóyá ẹ ní àìsàn mìíràn. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rí wọn lójúkojú, ọ́fíìsì NDLEA ti ìpínlẹ̀ wa wà ní Àkúrẹ́.

2. Ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ilé-ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó wà fún àìsàn ọpọlọ ní Àkúrẹ́ ni ó sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín jù. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn (UNIMED) wà ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, wọ́n lè darí yín lọ sí Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí ẹ̀ka kan wà tí ó dá dúró fún bárakú oògùn.

3. Ẹ gba káàdì, kí orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀ bá èyí tí ó wà lórí NIN yín mu lẹ́tà-sí-lẹ́tà. Àṣìṣe kékeré nínú orúkọ máa ń da ọ̀rọ̀ rú níkẹyìn.

4. Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ padà síṣẹ́, kí ó lè máa kọ gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá wá sílẹ̀.

5. Ẹ bi Àjọ Adójútòfò Ìlera ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó léèrè bí ẹ ṣe lè forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní pàtó bóyá ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ wà nínú ètò tí ẹ fẹ́ san owó sí. Ẹ má ṣe gbà lọ́kàn pé ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi hàn yín.

Ìkìlọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ọtí líle ti di bárakú fún, tàbí tí ó ti ń lo Rohypnol, Valium àti irú wọn lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ dá jáwọ́ lójijì nílé, nítorí pé gìrì lè mú un, ó sì lè bá a lọ. Tírámádólù tí ó pọ̀ lápọ̀jù náà máa ń fa gìrì. Dókítà ni yóò sọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun kejì ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èèyàn ti fi tírámádólù tàbí kódéìnì sílẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gba iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá padà lo iye náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mímí rẹ̀ lè dúró. Kí gbogbo ilé mọ èyí.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe mú ọmọ yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà án ní pàṣán, tí wọ́n ní ìtọ́jú ni. Ọgbẹ́ ni yóò mú bọ̀, ìwé kankan kò sì ní bá a bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àdúrà, ẹ gbà á, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ ilé-ìwòsàn dúró ní ọjọ́ tirẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ to ìwé yín

Ẹ wá fáìlì kan, kí gbogbo àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

- NIN. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́.
- Àkáǹtì báǹkì lórúkọ ara yín, pẹ̀lú BVN.
- Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín.
- Ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé. Bí ó bá ti sọnù tàbí tí ẹ ti tà á nígbà náà, ẹ gba ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ fi lọ bá ilé-ìwé tàbí àjọ tí ó ṣe ìdánwò náà.
- Lẹ́tà dókítà.
- Orúkọ onídùúró méjì tí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ọ̀kan má ṣe jẹ́ ẹbí.

Lẹ́tà dókítà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan máa ń mú gbogbo ìwé ilé-ìwòsàn lọ bá ọ̀gá iṣẹ́, tí akọ̀wé ọ́fíìsì yóò máa ka orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn àti ohun tí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní òru. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìlà mélòó kan péré ni lẹ́tà tí ó dára ń ní: pé ẹ gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn náà láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, pé ara yín ti yá tó láti ṣiṣẹ́, àti irú iṣẹ́ tí ẹ kò tíì gbọdọ̀ ṣe, bí ọkọ̀ wíwà tàbí gígun ibi gíga. Ó máa ní òǹtẹ̀ ilé-ìwòsàn, ìbuwọ́lùwé àti ọjọ́. Ẹ lè bẹ dókítà pé kí ó má ṣe dárúkọ àìsàn náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìrànwọ́ tí ó wà ní tòótọ́

Ìwé orúkọ àwọn aláìní ti ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú orúkọ fún owó tí ìjọba ń pín fún àwọn ìdílé, irú ₦25,000 ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n kéde ní ọdún 2023. Ìdílé ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí ẹ máa lọ gbà. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni wọ́n ń dárúkọ ìdílé tí ìyà ń jẹ jù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá sílé wá kọ ọ́. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ̀yin àti olórí ilé yín lọ bá baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò, kí ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa tún kọ orúkọ, kí NIN gbogbo ará ilé sì ti wà nílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé gbogbo ọkàn lé e. Ó máa ń pẹ́.

NDE. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ìgbanisíṣẹ́ ni, láti ọdún 1986 ni ó ti wà, ó sì ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Ó máa ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ láti kọ́ iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, òun ni mo fọwọ́ sí jù fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, torí pé ó ń fún èèyàn ní ibi tí ó ń lọ láràárọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gba orúkọ, nítorí náà ẹ lọ béèrè fúnra yín, kí ẹ sì tún padà lọ.

ONDEA. Àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kékeré ni. Ó wúlò fún ẹni tí ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí ó fẹ́ fẹ̀ ẹ́, kò tíì kan ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwòsàn dé.

Owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ nípa èyí. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì fún yín, tí iṣẹ́ sì bọ́, òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ẹ kò tíì rí iṣẹ́ mìíràn, ẹ lè béèrè fún owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń tọ́jú owó náà ni kí ẹ lọ bá, pẹ̀lú ìwé tí ó fi hàn pé iṣẹ́ ti bọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kí owó yìí má ṣe wọ ọwọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ara ṣì ń béèrè oògùn. Ó sàn kí ó pẹ́ sí i níbi tí ó wà.

Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Irinṣẹ́ ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún, ẹ má ṣe bẹ̀ wọ́n fún owó: ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìgẹrun, owó ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n san fún ọ̀gá ní tààrà.

## Bí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn pòórá. Ó lọ gba ìtọ́jú, ó pa fóònù, ọ̀gá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sá níṣẹ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀, tàbí kí ẹbí mú ìwé dókítà lọ láàárín ọjọ́ méjì.

Òfin iṣẹ́ ti Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan tí àìsàn bá dá a dúró, bí dókítà tí ó ní ìwé àṣẹ bá jẹ́rìí sí i. Àwọn tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà wà fún ní pàtàkì. Àwọn ọ̀gá àgbà ní láti wo ìwé àdéhùn tiwọn, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ní òfin tirẹ̀ tí ó yẹ kí ó béèrè ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ọjọ́ 12 kò bá tó, ẹ béèrè fún ìsinmi ọdún yín, lẹ́yìn ìyẹn ìsinmi tí kò lówó nínú. Kí gbogbo rẹ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá dá yín dúró, òfin kan náà sọ iye àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣèkìlọ̀:

- oṣù mẹ́ta tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: ọjọ́ kan;
- ó ju oṣù mẹ́ta lọ, kò tó ọdún méjì: ọ̀sẹ̀ kan;
- ọdún méjì, tí kò tíì pé márùn-ún: ọ̀sẹ̀ méjì;
- ọdún márùn-ún sókè: oṣù kan.

Wọ́n lè san owó dípò àkókò náà. Bí wọn kò bá fún yín ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ lọ bá ọ́fíìsì àwọn tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. Ilé ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, Legal Aid Council náà sì ní ọ́fíìsì níbẹ̀ fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò. Ẹ mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹ mu nǹkan wá síbi iṣẹ́, tàbí tí ẹ yó nídìí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ọ̀gá lè lé èèyàn lójú ẹsẹ̀ fún ìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan iṣẹ́ tí kò ní dá yín padà

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó ń mówó wá ni ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń lò, kí ẹ wá wo ohun tí ó wà níbi iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ti ń fa gọ́ọ̀mù tàbí pẹtiróòlù símú kò gbọdọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ bàtà, iṣẹ́ fọkanáísà tàbí iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà nígbà tí ó bá ń lẹ túùbù, tí ó ṣí agolo sólúṣọ̀n, tí ó fi ìka fa á sórí rọ́bà tí ó ti ha, tí òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo abẹ́ búkà náà: lójoojúmọ́ ni ọmọ iṣẹ́ yóò máa gbóòórùn yẹn nítòsí imú rẹ̀. Ẹni tí tírámádólù jẹ́ bárakú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ẹni tí ọtí ni ìṣòro rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí níbi tí wọ́n ti ń ta párágà.

Fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ tún yẹra fún:

- ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti iṣẹ́ inú gáréèjì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi oògùn lé oorun àti àárẹ̀ lọ;
- ẹ̀rọ ìgégi àti iṣẹ́ sọ́míìlì, nígbà tí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n;
- iṣẹ́ òru;
- iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń lò ó bá yín wá.

Ìkìlọ̀ nípa iṣẹ́ oko. Iṣẹ́ oko dára. Ó ń mú kí èèyàn sùn lóru, oko kòkó ní Ìdànrè àti ní agbègbè Oǹdó sì máa ń wá alágbàṣe nígbà ìkórè. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ń gbin igbó nínú àwọn ẹgàn kan ní ìpínlẹ̀ yìí, NDLEA sì ń lọ dáná sun oko bẹ́ẹ̀ léraléra. Bí alágbàtà bá wá kó yín, tí kò sọ orúkọ ẹni tí ó ni oko, tí kò sọ ohun tí wọ́n gbìn, tí ó ní òru ni ẹ máa gbéra tàbí pé kí ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ lé e, bí owó náà ti wù kí ó pọ̀ tó. Alágbàṣe ni wọ́n sábà máa ń bá nínú oko, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì kéré.

Iṣẹ́ tí mo rí i pé ó bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu ni èyí tí ó ní àkókò kan pàtó láàárọ̀, tí ọ̀gá wà nítòsí, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: télọ̀, onígẹ̀rígẹ̀rí, búrẹ́dì yíyan, iṣẹ́ alumíníọ̀mù, títún fóònù ṣe, adìyẹ sísìn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́:

1. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ẹ tó san owó. Ẹ wo ohun tí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń mu nígbà tí wọ́n bá parí iṣẹ́ ọjọ́.
2. Ẹ kọ àdéhùn: iye ọdún, iye owó, ẹni tí ó ni irinṣẹ́, owó fírídọ̀mù, àti bí owó ṣe máa padà bí ìkọ́ṣẹ́ bá dá dúró.
3. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé ọjọ́ kan wà lóṣù tí ẹ máa lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ kò ní láti sọ ìdí.
4. Kí onídùúró buwọ́ lù ú, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àyẹ̀wò ìtọ̀

Wọ́n máa béèrè ohun tí ẹ ṣe ní àkókò tí ẹ kò níṣẹ́. Ẹ má ṣe parọ́ pé ẹ wà ní Èkó, ẹ má sì ṣe da gbogbo ìtàn ayé yín sílẹ̀. Ẹ lè sọ báyìí:

"Ẹ ṣé, sà. Ara mi kò dá nígbà náà, mo gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn ìjọba, dókítà sì ti jẹ́rìí pé mo lè ṣiṣẹ́. Ìwé rẹ̀ nìyí."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́. Bí ó bá béèrè ní tààrà bóyá oògùn olóró ni, òótọ́ ni kí ẹ sọ, ní gbólóhùn kan: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo ti jáwọ́, mo sì ṣì ń lọ rí dókítà." Irọ́ tí wọ́n bá já lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni yóò lé yín níṣẹ́, ó sì lè ba ti onídùúró yín jẹ́.

Àyẹ̀wò oògùn ń pọ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá fún awakọ̀ àti ẹ̀ṣọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí wọ́n máa ṣe é fún àwọn tí ó ń wá iṣẹ́ ọba. Ẹ fi èyí sọ́kàn:

- Igbó máa ń pẹ́ nínú ara. Ìtọ̀ ẹni tí ó ti ń fà á lójoojúmọ́ lè ṣì fi í hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó ti jáwọ́. Ti tírámádólù kì í sábà ju ọjọ́ mélòó kan lọ.
- Bí dókítà bá kọ oògùn kan fún yín, ẹ fi ìwé rẹ̀ hàn kí wọ́n tó gba ìtọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde.
- Ẹ má ṣe mu àgbo tàbí ọtí kíkan láti "fọ inú", ẹ má sì ṣe yá ìtọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò tíì kúrò lára, ẹ wá iṣẹ́ tí kò ní àyẹ̀wò ná.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ tí owó bá wọlé

Ọjọ́ yìí le ju ọjọ́ ebi lọ. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní ọjọ́ Sátidé: ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá jókòó sórí àga oníke, ó ka owó sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, sìmẹ́ńtì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹni tí ó ń ta oògùn sì ti dúró sí ìta géètì, ó mọ ọjọ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Owó ọ̀sẹ̀ kan gbáko lè tán kí aago méje tó lù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ ti ṣe ètò wọ̀nyí:

1. Ẹ bẹ ọ̀gá pé kí ó máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, kí ó sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè dípò ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa gbà, kò ná wọn ní nǹkan kan.
2. Ẹ fi káàdì ATM sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ẹ gbà pẹ̀lú ìfẹ́ ara yín, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí aya. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iye ọjọ́ tí yóò fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí yóò máa fún yín lójúmọ́.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ lọ́dọ̀ alájọ tí gbogbo ọjà mọ̀. Kí owó oúnjẹ àti ti ọkọ̀ nìkan kù sí ọwọ́.
4. Ní ọjọ́ owó gan-an, kí ẹnì kan bá yín rìn délé.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe sọ ìrànlọ́wọ́ yìí di ìfiniṣẹ̀sín. Owó rẹ̀ ni, òógùn ojú rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń fún un ní ₦1,000 nínú owó ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi yangàn fún aládùúgbò. Bí ó bá ti ń lọ dáadáa, ẹ dá káàdì náà padà ní ọjọ́ tí ẹ jọ dá.

## Bí ó bá tún padà sídìí rẹ̀

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kò sì ní kí gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ bàjẹ́. Ohun tí ẹ bá ṣe ní ọjọ́ kejì ni yóò pinnu bí iṣẹ́ yóò ṣe kù tàbí kí ó lọ.

1. Ẹ má ṣe lọ síṣẹ́ ní ọjọ́ náà bí ojú bá ṣì ń pọ́n tàbí ọwọ́ ń gbọ̀n, pàápàá bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ ọkọ̀, iná mànàmáná tàbí ẹ̀rọ. Ẹ pe ọ̀gá kí agogo iṣẹ́ tó lù, kí ẹ ní ara yín kò yá, ẹ ń lọ sí ilé-ìwòsàn.
2. Kí ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn náà lóòótọ́, ní ọjọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú káàdì yín. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ tún pe 0800 1020 3040.
3. Ẹ má ṣe kọ ìwé pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìtìjú ṣì ń pa yín. Kò sí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan.
4. Ẹ sọ fún ẹni tí káàdì ATM yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má ṣe fún yín ní owó kankan títí dókítà yóò fi rí yín.
5. Bí ẹnì kan bá ti sùn tí ẹ kò lè jí i, tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe rọ mílíìkì tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ó lò fún nọ́ọ̀sì láìfi pamọ́.
6. Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ padà síṣẹ́, ẹ gba lẹ́tà tuntun tí ó ní ọjọ́ tuntun, kí ẹ fún ọ̀gá ní ẹ̀dà rẹ̀ ní àárọ̀ tí ẹ bá wọlé, kí ojúlówó sì padà sínú fáìlì.